Bí ẹ ṣe máa dá kíláàsì ijó sílẹ̀ tí tọmọdé tàgbà, tolówó tálákà á máa wá, tí kò dẹ̀ ní tú ká

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rí i tí wọ́n dá kíláàsì ijó sílẹ̀ ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí tó sì tú ká kí oṣù kan tó pé, èmi gan-an ni mo dá àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀. Bó ṣe máa ń rí rèé: lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ibẹ̀ á kún fọ́fọ́, ìyá, bàbá, ọmọ iléèwé, gbogbo wọn á wá, lọ́sẹ̀ kejì àwọn ìyá á ní orúnkún ń dun àwọn, lọ́sẹ̀ kẹta àwọn bàbá ò ní wá mọ́ torí ojú ń tì wọ́n, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin ó ti ku àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà péré, àwọn yẹn dẹ̀ ti mọ ijó jó kí wọ́n tó wá.

Ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé àwọn èèyàn wa ò fẹ́ jó. Ìjẹ̀bú kẹ̀? Ẹ lọ sí Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá kẹ́ ẹ wo bí àwọn régbérégbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ṣe ń jó wọlé, àwọn tó ti lé ní 70 ọdún wà níbẹ̀, aṣọ wọn ń dán, ẹsẹ̀ wọn ò dẹ̀ yẹ̀ lórí ìlù. Àwa tí à ń kọ́ni la máa ń fi ara ọ̀dọ́ wọn ijó fún gbogbo èèyàn. A máa kọ́ wọn ní èyí tó le, ẹni tí ò bá lè ṣe é a ní kó máa ṣe díẹ̀díẹ̀ níbi ẹ̀yìn, ẹni tá a bá dẹ̀ ti fi sẹ́yìn, ó máa lọ sílé ni. Ẹ wá orúnkún tó ń dun èèyàn jù nínú yàrá yẹn, orúnkún yẹn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa kọ́ ijó gòkè láti ibẹ̀. Gbogbo ohun tí mo máa kọ sílẹ̀ yìí, orí ẹ̀ ló dúró lé.

Ohun tẹ́ ẹ máa ní nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

Ibi tó tẹ́jú. Gbọ̀ngàn àdúgbò, yàrá iléèwé nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọlé, kódà ọgbà ilé tí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí. Táìlì tó ń dán kò dáa rárá, pàápàá tí òjò bá ti rọ̀ tí àwọn èèyàn ń gbé omi wọlé lábẹ́ bàtà.

Àga tó pọ̀ tó iye èèyàn tẹ́ ẹ ń retí. Mo mọ̀ pé ẹ máa rò pé ijó là ń kọ́, kí la fẹ́ fi àga ṣe, ẹ ṣáà ní in nílẹ̀. Àga onígi tàbí onírin tí ò ní apá, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ dúró gírí. Àga rọ́bà tá a fi ń ṣe ìnáwó, ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń yà tí èèyàn bá fara tì í, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lò ó fún àgbàlagbà.

Sípíkà kan, tàbí onílù kan tẹ́ ẹ bá lè rí. Omi mímu. Súìtì díẹ̀ tàbí ṣúgà nínú ike fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìwé àti bírò. Ṣọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ máa fi sàmì sí ilẹ̀. Kóló onígi kan, mo máa ṣàlàyé ìyẹn níwájú. Kẹ́ ẹ dẹ̀ wá ẹni méjì tó máa bá yín ṣe é, ọ̀kan nínú wọn kó jẹ́ ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, ẹni yẹn ṣe pàtàkì ju sípíkà lọ.

Ìpele 1: Ẹ lọ bá àwọn tí ò ní wá fúnra wọn

Tẹ́ ẹ bá lẹ ìwé mọ́ ògiri pé "kíláàsì ijó, gbogbo èèyàn ẹ máa bọ̀", àwọn tó ti mọ̀ ọ́n jó ló máa wá. Ìyá ẹni ọdún 65 tó bá ka ìwé yẹn máa sọ pé àwọn ọmọdé ni wọ́n ń pè. Ẹ̀yin lẹ máa wá wọn lọ. Èmi máa ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyálọ́jà, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ obìnrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà àwọn ìyá Àṣàlátù, mo máa wá dé ọ̀dọ̀ télọ̀, torí télọ̀ ló mọ ẹgbẹ́ tó ń rán aṣọ tí wọ́n máa fi jó láìpẹ́, ẹni tó bá ti ń rán aṣọ ijó, ara ẹ̀ ti ń yá gágá, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa rọ̀ ọ́ pẹ́. Fún àwọn ọkùnrin, ẹ lọ sí ibùdó oníkẹ̀kẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ń ta ayò.

Ẹ má polówó níbẹ̀. Ìbéèrè lẹ bá lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, tá a bá ń kọ́ ijó ní àdúgbò yìí, kí ló lè dí yín lọ́wọ́ láti wá?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ní ẹnu ọ̀sán kan ṣoṣo ní ọjà Òkè-Àjé ju ohun tí mo fi odidi ọdún kan rò lọ. Ọ̀kan ní ọjọ́ tí mo dá yẹn, ọjọ́ ọjà ni. Òmíì ní òun ò lè gbé aṣọ eré ìdárayá wọ̀ kí àna òun wá rí òun lójú títì. Òmíì ní ta ló máa gbé ọmọ òun dání.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà yìí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ọjà ọrọọrún kì í tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Tẹ́ ẹ bá kà á bí wọ́n ṣe ń ka kàlẹ́ńdà, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń yí po, torí náà tí kíláàsì yín bá jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni ọjà á máa bọ́ sórí ẹ̀. Ẹ mú kàlẹ́ńdà, ẹ sàmì sí gbogbo ọjọ́ yẹn, ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé a ò ní pàdé. Ẹ fi Jímọ̀ sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí, ẹ fi àṣálẹ́ Ọjọ́rú sílẹ̀ tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò yín bá ń kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ náà. Àwẹ̀ Rámádáànì máa ń fi bí ọjọ́ 11 tètè dé ju ti ọdún tó kọjá lọ lọ́dọọdún, ẹ máa wò ó, lásìkò àwẹ̀ ẹ sún kíláàsì sí ẹ̀yìn ìṣínu. Ọjọ́ tí Agẹmọ bá ń kọjá tàbí tí wọ́n bá ń ṣe Orò, ní Ìjẹ̀bú àti ní Rẹ́mọ, obìnrin ò ní jáde, ẹ má fi kíláàsì síbẹ̀ rárá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti yọrí: ẹ wo orúkọ tó wà nínú ìwé yín. Tí kò bá sí ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ níbẹ̀, tí kò sí ọkùnrin, tí gbogbo wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ ara wọn, ẹ padà sí ọjà.

Ìpele 2: Ẹ rin ọ̀nà yẹn fúnra yín láti títì dé orí àga

Ẹ má wo yàrá nìkan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá á ti já wọn sílẹ̀. Ṣé gọ́tà wà níbẹ̀ tí wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan dá lójú? Ṣé iná wà tó bá di aago méje? Ṣé ẹnu ọ̀nà ga?

Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ tàbí ọ̀pá, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ti tó láti dá a padà sílé. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà ṣe pákó ìgòkè, ìṣirò ẹ̀ dẹ̀ rọrùn: ínǹṣì kan tí ẹnu ọ̀nà bá fi ga, pákó á gùn ní ínǹṣì 12. Tí ẹnu ọ̀nà bá ga ní ínǹṣì mẹ́fà, pákó gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n á fi pákó ẹsẹ̀ bàtà méjì síbẹ̀ kó lè má gba àyè, ìyẹn á wá dà bí òkè, kẹ̀kẹ́ á yí padà sẹ́yìn lórí ẹ̀, ó lè fọ́ èèyàn lórí. Ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lójú kó má yọ̀.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Mo háyà gbọ̀ngàn kan nígbà kan, ẹni tó ni ín fi dá mi lójú pé gbogbo nǹkan wà níbẹ̀, ọjọ́ tá a máa bẹ̀rẹ̀ la rí i pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti wà ní títì láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ìyá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òmíì nínú oògùn yẹn máa ń jẹ́ kí wọ́n tọ̀ léraléra, bí wọn ò ṣe rí ibi lọ nìyẹn, wọn ò wá mọ́, wọn ò dẹ̀ sọ ìdí fún mi, ojú ń tì wọ́n. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn ló pàpà sọ fún mi.

Àwọn obìnrin kan ò ní jó lójú ọkùnrin torí ẹ̀sìn wọn. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún obìnrin nìkan, ẹ fi aṣọ dí fèrèsé, kí obìnrin kọ́ wọn. Aṣọ tí wọ́n bá wọ̀ wá ni kí wọ́n fi jó, ìró àti bùbá, hìjáábù, ohunkóhun, ijó wa ṣáà ti wà nínú ìró kí aṣọ eré ìdárayá tó dé. Ẹ kàn rí i pé ìró ò wọ́lẹ̀ tó fi lè kọ́ wọn lẹ́sẹ̀, kí bàtà dẹ̀ dì mọ́ ẹsẹ̀. Sílípáàsì kọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ mú àgbàlagbà kan tí ẹsẹ̀ ń dùn dání, kó rìn láti títì wọlé, kó jókòó, kó dìde, kó lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, kó padà wá. Ibikíbi tó bá ti dì yín lọ́wọ́ mú, iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ béèrè ara wọn, ní ìkọ̀kọ̀

Lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ni, níbi kọ̀rọ̀, kí ẹni tó ti lé ní 50 ọdún yẹn bá yín béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ìtọ̀ ṣúgà? Ṣé òòyì máa ń kọ́ yín? Làkúrègbé ńkọ́, ẹsẹ̀ wo? Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín rí? Ṣé ẹ ti ṣubú láàárín ọdún yìí? Ṣé oyún wà níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tọ́jú ìwé yẹn síbi tí ẹlòmíì ò ti ní rí i.

Ẹni tó bá ní àrùn ọkàn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ ò tíì rọlẹ̀, ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ẹ bá a lọ tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ò gbọ́dọ̀ wá jó lórí inú òfo, tí ara ẹ̀ bá ń gbọ̀n tí òógùn dẹ̀ ń bò ó lójijì, ẹ fún un ní súìtì kíá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ijó ti le jù fún ẹnì kan, ẹ bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó ń jó lọ́wọ́. Tó bá lè dá yín lóhùn ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin pẹ̀lú ẹ̀, ibi tó yẹ kó wà ló wà. Tó bá ń kọrin dáadáa, ẹ lè fi díẹ̀ kún un. Tí kò bá lè parí gbólóhùn kan láì mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ jẹ́ kó jókòó. Àyà dídùn, òòyì, òógùn tútù, ẹ̀gbẹ́ kan ara tó kú tipiri: kò sí "ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí i ná" níbẹ̀ o, ilé ìwòsàn ni lọ́gán, a lè gbàdúrà nínú mọ́tò.

Ìpele 4: Orin

Orin tó ń sáré ló ń lé àgbà. Ẹ fi àpàlà bẹ̀rẹ̀, àpàlà Haruna Ishola ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlù ibẹ̀ wúwo, ó ń rìn jẹ́jẹ́, èèyàn á ráàyè gbé ẹsẹ̀ kó tún gbé e padà. Wákà náà dáa. Ẹ wá máa gòkè lọ sí fújì, àwọn ará Rẹ́mọ á máa béèrè Adewale Ayuba ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ẹ fún wọn níbi ìparí nígbà tí ara bá ti gbóná. Àwọn ọ̀dọ́ á fẹ́ tiwọn náà, ẹ fún wọn ní orin kan, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ orin ìyìn bóyá wọ́n lè mú tiwọn wá. Ijó tó jẹ́ ti orò, bíi ti Agẹmọ, ẹ má kọ́ ọ ní kíláàsì, ó ní àwọn tó ni ín. Sípíkà ò gbọ́dọ̀ ké ju kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gbọ́ ohùn yín.

Ìpele 5: Ẹsẹ̀ ijó kan, ìwọ̀n mẹ́ta

Tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo lẹ máa kà nínú gbogbo èyí, ẹ ka ibí.

Gbogbo ẹsẹ̀ ijó tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́, ẹ gé e sí ìwọ̀n mẹ́ta kẹ́ ẹ tó wọ yàrá: ti orí àga, ti ìdìmú, ti gbangba. Ti orí àga, èèyàn jókòó. Ti ìdìmú, ó dúró sẹ́yìn àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn àga mú. Ti gbangba, kò di nǹkan kan mú. Ijó kan náà ni, orin kan náà, àkókò kan náà.

Gbogbo èèyàn ló máa kọ́kọ́ jókòó. Gbogbo èèyàn pátá, ọmọ ọdún 18 tó lè fi orí dúró náà á jókòó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ni náà á jókòó. Ibí ni mo ti kùnà nígbà àkọ́kọ́. Mo kó àga sí igun kan fún "àwọn tó bá rẹ̀", ẹnikẹ́ni ò jókòó síbẹ̀, ta ló fẹ́ kí wọ́n máa wo òun bí ẹni tí ara ẹ̀ ti lọ? Ìgbà tí gbogbo wa jọ bẹ̀rẹ̀ lórí àga ni àga di ti gbogbo èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹsẹ̀ kan ká jọ ṣe é. Ẹ jókòó síwájú àga, ẹ má fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ méjèèjì kó tẹ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ gbọ́ orin ná, ẹ má ṣe nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá fi ẹnu lu ìlù yẹn, *gbim, gbim, kà-kà-gbim*, kí gbogbo yàrá máa sọ ọ́. Ẹnu tó bá ti mọ̀ ọ́n, ara ò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Ní *gbim* àkọ́kọ́ ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀, ní èkejì ẹ fi ìkejì tẹ ẹ́, ní *kà-kà* ejìká méjèèjì á gbọ̀n díẹ̀, *gbim* tó kẹ́yìn, ẹ fi àyà síwájú díẹ̀ bí ẹni fẹ́ kí àgbà. Ó parí. Ìyẹn ni ti orí àga.

Ẹni tó bá lè dìde, kó lọ sẹ́yìn àga ẹ̀. Ohun kan náà, orúnkún á rọ̀ díẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ á kan ilẹ̀ níwájú á tún padà. Ẹni tó bá tún lè fi àga sílẹ̀, kó fi í sílẹ̀, kó tẹ ara síwájú bá a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nínú ijó wa, kó máa yí po. Ẹni tó wà lórí àga ò gbọ́dọ̀ rí i pé òun wà ní kíláàsì ìsàlẹ̀, torí náà ẹ̀yin náà ẹ máa yí ìwọ̀n tẹ́ ẹ̀ ń ṣe padà, orin yìí ẹ jó lórí àga, orin tó kàn ẹ di àga mú.

Ìyá kan wà tó ń ta gàrí, ẹni ọdún 70 ó lé, ọmọ ẹ̀ ló mú un wá. Ó jókòó, ó fi báàgì ẹ̀ lé itan, ó di ọwọ́ lé báàgì yẹn, ó ní òun kàn wá wòran ni. Mi ò dá a lóhùn. Àpàlà bẹ̀rẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ ẹ̀: àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún nínú bàtà yẹn gbé sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, orí ìlù gan-an ni, òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹsẹ̀ yín ti ń jó o." Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé èyí náà ni ijó?" Mo ní òun ni. Ó gbé báàgì sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jó lórí àga, ọ̀sẹ̀ kẹrin ló dìde di àga mú, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó dìde.

Ẹ kíyè sí àwọn nǹkan yìí. Ẹ má sọ "ọ̀tún" àti "òsì" tẹ́ ẹ bá kọjú sí wọn, ó máa ń da gbogbo èèyàn rú, ẹ sọ "ẹ̀gbẹ́ fèrèsé" àti "ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn". Ẹ má kọ́ ju ẹsẹ̀ tuntun méjì lọ lọ́jọ́ kan. Àgbà ò gbọ́dọ̀ tẹ orí wálẹ̀ kó tún fi ìkánjú gbé e sókè, òòyì ló máa fà. Ijó tó ní fífò nínú, ẹ yọ fífò yẹn kúrò fún àwọn orúnkún tó ń dùn, gbígbé gìgísẹ̀ sókè á dípò ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá na ara, ọrùn, ejìká, ìbàdí, ọrùn ẹsẹ̀, tẹ́ ẹ bá dẹ̀ fẹ́ parí, ẹ má dá orin dúró lójijì, ẹ jẹ́ kó máa lọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn káàkiri yàrá.

Àyẹ̀wò: ẹ pa orin. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹnu lu ìlù kí wọ́n dẹ̀ jó o. Tí àwọn tó wà lórí àga àti àwọn tó wà ní gbangba bá jọ fi àyà síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti wọ̀ wọ́n lára. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń wò, ẹ tún padà sórí àga.

Ìpele 6: Adití, afọ́jú, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, àti ọmọdé

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé báwo ni adití ṣe máa jó. Ọmọkùnrin kan tí kò gbọ́ràn wá bá wa, ọmọ ọdún 12. Mo mú ọwọ́ ẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún un kó gbà, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ lé ara ìyáàlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí awọ wà. Onílù lù ú. Ọmọ yẹn yọ ojú, ó fa ọwọ́ padà, ó tún gbé e padà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó dúró lórí pákó tá a gbé sípíkà lé, ó ń gba ìlù láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ìlù tó bá wúwo ni adití máa ń gbọ́ lára, èyí tó ń han gooro kì í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Torí náà ẹ ní pákó kan nílẹ̀, ẹ gbé sípíkà lé e, kí wọ́n máa dúró lórí ẹ̀ láìwọ bàtà. Ẹ kọjú sí wọn tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ má bo ẹnu, ẹ ní àmì ọwọ́ kan fún "ẹ dúró" àti ọ̀kan fún "ẹ tún un ṣe", kí gbogbo kíláàsì kọ́ ọ, kó má jẹ́ ti adití nìkan.

Fún ẹni tí kò ríran, ẹnu yín lojú ẹ̀. "Gbé ẹsẹ̀ báyìí" ò sọ nǹkan kan fún un. Ẹ sọ pé "gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ìwọ̀n bàtà kan, kó fi ọmọ ìka kan ilẹ̀". Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, tó bá gbà, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ lé ejìká yín nígbà tẹ́ ẹ̀ ń jó. Àyè kan náà ni kó máa dúró ní gbogbo ìgbà, kí ẹnikẹ́ni má sún àga láìsọ fún un.

Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, kẹ̀kẹ́ yẹn ara ẹ̀ ni, ẹ má tì í láìbéèrè. Ti orí àga ti wà nílẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Tó bá lè yí táyà ẹ̀ fúnra ẹ̀, yíyí yẹn ló máa ṣe nígbà tí àwọn yòókù ń yí po. Tó bá jẹ́ ejìká nìkan ló fẹ́ fi jó, kó ti bíréèkì kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọdé ò lè dúró fún àlàyé gígùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jó ṣáájú kẹ́ ẹ wá tún un ṣe. Ẹ fi ọmọ kan ti àgbà kan, kí ọmọ kọ́ àgbà ní ẹsẹ̀ kan, kí àgbà kọ́ ọmọ ní ẹsẹ̀ kan, àwọn méjèèjì máa ń pa dà wá nítorí ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ọmọdé kankan ò gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá pẹ̀lú àgbà kan ṣoṣo, méjì ni ó kéré jù, ẹni tó bá mú un wá náà ló máa wá mú un lọ. Òfin yìí ò mọ pásítọ̀, kò mọ lèmọ́mù, kò mọ èmi náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ṣágámù, ẹ rántí àwọn ará Sábo. Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìlù ẹnu yẹn kò ní èdè, ẹ ṣe é kí wọ́n wò ó, ẹ dẹ̀ ní kí wọ́n mú ẹsẹ̀ kan láti ilé tiwọn wá.

Ìpele 7: Ìtìjú

Ẹ to àga sí agbo, ẹ má tò ó bí iléèwé. Nínú agbo kò sí ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹ bo díńgí tó bá wà lára ògiri.

Fóònù á wọ inú báàgì kan lẹ́nu ọ̀nà. Mo le lórí èyí torí ẹnì kan ya fídíò bàbá kan nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ́, fídíò yẹn ti dé gbogbo WhatsApp àdúgbò kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, bàbá yẹn ò dẹ̀ tíì wá títí dòní. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya fídíò, ẹ dá ọjọ́ ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti ọmọdé ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí ẹ̀, ẹni tó bá kọ̀ kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láìsí "kí ló dé".

Ẹ má pe orúkọ àgbà láàárín agbo pé ó ṣe é bó ò ṣe yẹ. Ẹ ní "ẹ jẹ́ ká tún un ṣe", gbogbo èèyàn á tún un ṣe. Tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, tí ara ò bá ti ní í dùn ún, kò sí ìjà níbẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ gbọ́ ẹ̀rín wọn. Tó bá jẹ́ ẹni tó ṣìṣe ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó dáa. Tó bá jẹ́ àwọn yòókù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tí òun wá ń wolẹ̀, ẹ dá orin dúró.

Ìpele 8: Owó

Ọ̀fẹ́ pátápátá kì í pẹ́, owó gbọ̀ngàn á pa yín. Iye kan náà fún gbogbo èèyàn máa ń lé tálákà. Kóló onígi lèmi ń lò. Ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ihò ẹ̀ tóóró, gbogbo èèyàn á ti ọwọ́ bọ báàgì tàbí àpò á fi ọwọ́ kan ihò yẹn, ẹni tó ní á fi sí i, ẹni tí ò ní á kàn fi ọwọ́ kàn án lásán, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ẹ má ní kí ẹni tí ò ní gbálẹ̀ dípò owó, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé òun ni kò ní. Ẹni méjì ni kó máa ṣí i lóṣooṣù, ẹ ka iye tó wà níbẹ̀ sétí gbogbo èèyàn, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fi ṣe.

Ìpele 9: Nílé, lóde, àti ẹni tí kò wá mọ́

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara tó ìṣẹ́jú 150 ó kéré jù lọ́sẹ̀, àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè kí wọ́n fi ohun tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró gírí kún un lọ́jọ́ mẹ́ta. Tí kíláàsì bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀kan, 90 nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n jó fún ogún ìṣẹ́jú nílé lọ́jọ́ mẹ́ta, ó ti pé. Kí wọ́n fi àga ìdáná wọn jó o, kí ọmọ ilé bá wọn jó. Hubert Ogunde, ọmọ Òsósà wa níbí, tó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ lọ́dún 1945, àwọn ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ wà nínú àwọn tó ń bá a jó tó ń bá a ṣeré, ilé lè di kíláàsì dáadáa.

Ẹ dá ọjọ́ òde kan. Kó má jẹ́ ìdíje. Ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹnì kan nínú yín, tàbí kí ẹ bá ẹgbẹ́ kan múra Ojúde Ọba láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sílẹ̀. Ẹ gbé àga méjì lọ sóde yẹn, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń jó lórí àga wà ní iwájú.

Ẹni tí kò bá wá lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ẹ lọ sílé ẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù nìkan. Ẹ má béèrè ìdí tí kò fi wá, ẹ kí i, ẹ jókòó, ẹ gba omi mu, ohun tó ń dí i lọ́wọ́ á jáde fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde. Owó kẹ̀kẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí ọmọ-ọmọ tí wọ́n gbé tì í. Tó bá jẹ́ owó kẹ̀kẹ́, ẹ wá ẹni tó ń gba ọ̀nà kan náà. Tó bá jẹ́ ọmọ, kó gbé ọmọ náà wá, àyè wà fún un nínú agbo.

Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ kẹjọ: ẹ ṣí ìwé orúkọ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ wá ẹni tí orúnkún ẹ̀ ń dùn jù nínú gbogbo wọn, kẹ́ ẹ wo àga ẹ̀ bóyá ó wà lórí ẹ̀.